Ògiri tí ó Lanu: Ìlú Burúkú àti Orísun Dírágónì

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa kan, ní ìgbà tí a ń jíròrò lórí àwọn ìwé ìtàn àràmàǹdà, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi dìde, ó ní ohun tí ó mú kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ sú òun ni dírágónì. Ó ní aláǹgbá ńlá lásán ni, tí òǹkọ̀wé fi ń dẹ́rù ba ọmọdé. Bí a bá mú iná kúrò ní ẹnu rẹ̀, tí a sì gé ìyẹ́ rẹ̀, kò sí ohun tí ó kù tí ó yẹ kí àgbàlagbà máa jiyàn lé lórí. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí pé ọ̀rẹ́ mi yìí mọ ọ̀rọ̀ í sọ. Ṣùgbọ́n ní ìgbà tí mo dé iyàrá mi ní alẹ́, ọ̀rọ̀ aláǹgbá yẹn kò kúrò ní ọkàn mi, nítorí àwọn baba wa ti sọ ọ̀rọ̀ kan nípa aláǹgbá tí kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n nínú wa: bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ inú rẹ̀. Mo wá bi ara mi léèrè pé, dírágónì inú ìwé wọ̀nyí, ògiri wo ni ó gbà wọlé? Ta ni ó sì la ògiri náà?

Mo padà sí ìdí àwọn ìwé náà, mo tún wọn kà, ohun tí mo rí ni mo fẹ́ kọ síhìn-ín. Èrò mi ni pé nínú àwọn tí ó dára jù lọ nínú ìtàn wọ̀nyí, dírágónì kì í dédé jáde láti inú aginjù wá pa ìlú run. Ìlú ti kọ́kọ́ ṣe nǹkan kan. Bí òǹkọ̀wé bá sì sọ fún wa ọ̀dọ̀ ẹni tí dírágónì rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá, ó ti jẹ́wọ́ fún wa, bóyá ó mọ̀ tàbí kò mọ̀, ọ̀nà tí òun gbà pé aburú ń gbà wọ ayé. Ọ̀rọ̀ àgbàlagbà nìyẹn, kì í ṣe ti ọmọdé.

Orúkọ náà gan-an, láti inú Bíbélì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ti mọ̀ ọ́n. A ti gbọ́ nípa dírágónì pupa olórí méje nínú Ìwé Ìfihàn kí a tó mọ̀ pé ìwé ìtàn àràmàǹdà kan wà ní ayé. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe ọ̀rọ̀ tiwa jù ni ti Bábílónì. Nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti Ọba James, tí wọ́n tẹ̀ ní 1611, ní orí kẹtàlá ìwé Aísáyà, níbi tí wòlíì ti ń sọ bí Bábílónì yóò ti di ahoro, a kà pé dírágónì ni yóò máa gbé inú àwọn ààfin rẹ̀. Àṣìṣe ni. Ọ̀rọ̀ Hébérù tí ó wà níbẹ̀ ni tannim, èyí tí í ṣe ajáko, ẹranko tí ó jọ ajá tí ó sì máa ń ké ní òru nínú ahoro. Àwọn atúmọ̀ ṣì í mú fún tannin, ejò ńlá inú òkun. Kò ju lẹ́tà ìkẹyìn kan lọ tí ó ya ọ̀rọ̀ méjèèjì. Ní 1885, àwọn tí wọ́n tún Májẹ̀mú Láéláé ti Gẹ̀ẹ́sì náà yẹ̀ wò lé dírágónì jáde kúrò ní ààfin, wọ́n dá ajáko padà sí ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún tí ó lé ní 270 yẹn, ẹnikẹ́ni tí ó bá ka ìwé náà ní Gẹ̀ẹ́sì ti rí dírágónì tí ó dùbúlẹ̀ sí gbọ̀ngàn ìlú agbéraga tí ó ti ṣubú. Ó ṣòro kí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ tó kúrò lójú ènìyàn. Mo tilẹ̀ rò pé àṣìṣe náà gbọ́n ju àtúnṣe rẹ̀ lọ.

Kì í sì í ṣe inú Bíbélì nìkan ni a ti rí i pé ahoro ṣáájú dírágónì. Nínú ewì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tí à ń pè ní Beowulf, tí ìwé àfọwọ́kọ kan ṣoṣo tí ó kù nínú rẹ̀ ti wà láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, dírágónì ni ó pa akọni náà lẹ́yìn tí ó ti jọba fún 50 ọdún. Ẹni tí ó bá ti ka ewì náà ní kíláàsì kò lè gbàgbé ìjà yẹn. Ohun tí a máa ń gbàgbé ni ohun tí akéwì sọ kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní ìran kan ti wà rí, tí wọ́n ní owó tí wọ́n sì ní agbára, ṣùgbọ́n ogun pa wọ́n tán, ó ku ẹnì kan ṣoṣo. Ẹni náà kó gbogbo ìṣúra ìran rẹ̀ sínú ilẹ̀, ó sunkún lé wọn lórí, ó sì ń rìn kiri ní òun nìkan títí ikú fi mú òun náà lọ. Lẹ́yìn èyí ni dírágónì tó dé, tí ó bá ilé ìṣúra náà ní ṣíṣí sílẹ̀, tí ó sì ṣọ́ ọ fún 300 ọdún. Ẹ kíyè sí bí nǹkan ti tẹ̀lé ara wọn: ìlú ti kọ́kọ́ tú, wúrà ti kọ́kọ́ di ohun tí kò ní olówó, kí ẹranko náà tó yọjú. Kò sì bá ẹnikẹ́ni jà títí ẹrú kan tí ń sá fún ẹgba fi wọlé, tí ó jí ife kan gbé láti fi bẹ olówó rẹ̀.

Ti àwọn ará Iceland tilẹ̀ le ju èyí lọ. Nínú ìtàn ìdílé Völsung, tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní nǹkan bí 700 ọdún ó lé sẹ́yìn, ọmọ ènìyàn ni dírágónì náà, Fáfnir ni orúkọ rẹ̀. Àwọn òrìṣà wọn pa arákùnrin rẹ̀, wọ́n sì fi wúrà tí wọ́n fi ipá gbà san owó ẹ̀jẹ̀ fún baba rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ti ṣépè lé e. Fáfnir pa baba rẹ̀, ó kó wúrà náà lọ sí aginjù, ó dùbúlẹ̀ lé e lórí, ó sì di dírágónì. Kò sí babaláwo tí ó sà á sí i. Bí ó ti dùbúlẹ̀ tí kò dìde mọ́ ni ara rẹ̀ ń yí padà.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò bi mí pé, Fágúnwà ńkọ́? Ìbéèrè rere ni, ìdáhùn rẹ̀ kò sì gùn. Ẹ wo orúkọ àwọn ìwé rẹ̀: Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ ní 1938, Igbó Olódùmarè ní 1949, Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje ní 1954. Igbó, igbó, igbó. Ọ̀dọ̀ Fágúnwà, ọdẹ a máa kúrò ní ilé lọ sí inú ewu, a sì máa padà wá sí ilé. Ìlú ni ibi tí a ti ń sọ ìtàn náà fún ẹni tí yóò kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn òǹkọ̀wé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa wọn yìí yí i padà: ìlú gan-an ni wọ́n sọ di ibi ẹ̀rù. N kò sọ pé èyí dára ju èyí. Mo kàn ń sọ pé ẹni tí ó bá ti inú igbó Fágúnwà bọ́ sí inú ìwé wọn ní láti mọ̀ pé ọ̀nà ti yí.

J. R. R. Tolkien ka ìtàn Fáfnir ní kékeré nínú ìwé àlọ́ tí Andrew Lang tẹ̀ ní 1890, kò sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí ó fi kú. Ní 1936, ní ìgbà tí ó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Oxford, ó ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù lórí Beowulf. Nínú rẹ̀, ó bá àwọn ọ̀mọ̀wé wí tí wọ́n ń walẹ̀ ìtàn ìgbà àtijọ́ nínú ewì náà, tí wọ́n sì ń tijú nítorí dírágónì tí ó wà níbẹ̀, bí ẹni pé akéwì ńlá ṣèèṣì kó ohun ìṣeré ọmọdé wọ inú iṣẹ́ rẹ̀. Tolkien ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀; dírágónì ni ọkàn ewì náà. Nítorí náà ọ̀rọ̀ tí ọ̀rẹ́ mi sọ ní ìpàdé wa kì í ṣe tuntun. Àwọn tí irùngbọ̀n wọn gùn ti sọ ọ́ ṣáájú rẹ̀.

Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e ni The Hobbit jáde. Smaug ni gbogbo ènìyàn ń rántí nínú rẹ̀, dírágónì tí ó ń sọ̀rọ̀ bí agbẹjọ́rò. Èmi a máa rántí Esgaroth, ìlú onígi tí wọ́n kọ́ sórí òpó nínú adágún, lábẹ́ òkè tí dírágónì náà ń gbé. Olórí ìlú yìí kì í ṣe ọba. Ọlọ́gbọ́n ìṣòwò ni, ọkàn rẹ̀ wà lára owó ibodè àti ẹrù ọkọ̀. Ní òru tí Smaug fò dé, ọkọ̀ tí òun yóò fi sá lọ ni ó ń wá. Bard ni ó dúró tí ó ta dírágónì náà ní ọfà, tí ó ṣubú sínú adágún tí ó sì kú. Ó yẹ kí ìtàn parí síbẹ̀, kò parí. Wọ́n fún olórí ìlú ní wúrà púpọ̀ láti fi tún ìlú kọ́. Ó kó o sá lọ sí aginjù, ebi sì pa á kú síbẹ̀ pẹ̀lú wúrà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àìsàn dírágónì ni ó mú un, bí òǹkọ̀wé ti wí. Dírágónì ti kú, egungun rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ omi, àìsàn rẹ̀ sì ń rìn ní ìgboro. Mo bi yín, nígbà náà, èwo ni ó ṣáájú, àìsàn náà tàbí ẹranko náà? Àwọn aràrá tí ó ni òkè náà tẹ́lẹ̀, ṣé wọn kò ti ń kó wúrà jọ lórí wúrà títí òkìkí rẹ̀ fi dé etí Smaug ní àríwá?

Ó tún ṣe irú rẹ̀ nínú ìtàn Nargothrond, tí ó wà nínú The Silmarillion. Ìlú abẹ́ ilẹ̀ tí ó fara pamọ́ ni. Túrin gbà wọ́n ní ìmọ̀ràn kí wọ́n kọ́ afárá ńlá sórí odò iwájú ẹnu ọ̀nà wọn, kí àwọn jagunjagun lè máa jáde pẹ̀lú ọlá. Wọ́n kìlọ̀ fún un kí ó wó o, ó kọ̀. Orí afárá náà ni Glaurung dírágónì gbà wọlé.

Nínú The Lord of the Rings, tí ó jáde ní 1954 àti 1955, kò sí dírágónì, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ìlú burúkú tí a fi ọgbọ́n ya jù lọ nínú gbogbo ìwé wọ̀nyí wà. Minas Morgul ni. Ìlú àwọn ènìyàn rere ni rí, Minas Ithil ni orúkọ rẹ̀, èyí tí í ṣe Ilé-ìṣọ́ Òṣùpá, nítorí bí ìmọ́lẹ̀ òṣùpá ti ń tàn lára òkúta rẹ̀. Àwọn Nazgûl, ènìyàn mẹ́sàn-án tí òrùka ti sọ di òjìji, gbà á. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ ìtàn í kọ ìbá sọ pé wọ́n wó o, pé wọ́n fi èéfín kùn ún, pé wọ́n kó egungun sí ẹnu ọ̀nà. Tolkien kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ògiri náà dúró. Afárá náà dúró. Òdòdó funfun ṣì ń tanná lẹ́bàá omi, kìkì pé òórùn wọn dàbí ti ohun tí ó kú. Ìmọ́lẹ̀ pàápàá ṣì wà lára ilé náà, ṣùgbọ́n kò tan ìmọ́lẹ̀ sí ohun kankan. Ní ìgbà tí mo kọ́kọ́ kà á, n kò mọ ìdí tí ọkàn mi fi bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n nísinsìnyí. Ìlú tí a wó, a lè sunkún rẹ̀ kí a sì tún un kọ́. Ìlú tí wọ́n fi gbogbo ẹwà rẹ̀ sílẹ̀ tí wọ́n yí inú rẹ̀ padà, kí ni a ó ṣe sí i?

Ṣùgbọ́n Gondolin ni mo ń bọ̀ wá bá láti ìbẹ̀rẹ̀. Òun ni ìlú funfun tí ó fara pamọ́ láàárín òkè, tí ọba Turgon kọ́, tí ọ̀tá kò mọ ọ̀nà rẹ̀. Ìtàn ìṣubú rẹ̀ ni ọ̀kan nínú àwọn ìtàn àkọ́kọ́ tí Tolkien kọ nípa ayé rẹ̀ yìí. Ó ti ogun Somme bọ̀ ní 1916, ibà inú kòtò ogun ti mú un, wọ́n dá a padà sí ilé ìwòsàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Ní ogun Somme yẹn, ní oṣù September 1916, ni wọ́n kọ́kọ́ kó ọkọ̀ ogun onírin jáde sí ojú ogun. Nínú ìtàn náà, ẹ wo àwọn dírágónì tí ó wá bá Gondolin: òmíràn jẹ́ irin tí a so pọ̀ tí ó ń ṣàn lórí òkè bí odò, òmíràn jẹ́ idẹ àti bàbà pẹ̀lú iná ní ọkàn rẹ̀, òmíràn ní ihò nínú tí àwọn Orc, ọmọ ogun ọ̀tá, jókòó sí. John Garth, nínú ìwé tí ó kọ ní 2003 lórí Tolkien àti ogun náà, pe àkíyèsí wa sí ìbátan tí ó wà láàárín wọn, mo sì gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n gbọ́ èyí tí inú wọn dùn jù, bí ẹni pé a ti já àlọ́ náà: dírágónì jẹ́ ọkọ̀ ogun, ó parí. Kò parí. Ọkọ̀ ogun kò sọ fún wa ẹni tí ó pè é wá.

Ìtàn náà sọ ọ́. Ọmọ arábìnrin ọba wà ní ìlú náà, Meglin ni orúkọ rẹ̀, alágbẹ̀dẹ tí ó mọ irin ju ẹnikẹ́ni lọ. Ó fẹ́ ọmọ ọba, Idril, kò rí i fẹ́. Ní ọjọ́ kan tí ó ń wá irin ní òkè, ọ̀tá mú un, wọ́n gbé e lọ síwájú Melko. Ẹ̀rù bà á, wọ́n sì ṣèlérí fún un. Ó sọ àṣírí ìlú. Èyí ni gbogbo wa mọ̀, nítorí ó wà nínú The Silmarillion tí ó jáde ní 1977, níbi tí orúkọ rẹ̀ ti di Maeglin. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn ti àkọ́kọ́, tí ọmọ Tolkien, Christopher, tẹ̀ jáde ní 1984 nínú apá kejì The Book of Lost Tales, ó ṣe ju èyí lọ. Meglin ni ó sọ fún Melko pé ọmọ ogun lásán kò lè gun àwọn òkè náà bọ́ sí inú ìlú. Meglin ni ó gbà á ní ìmọ̀ràn pé, nígbà tí ó ní irin tó bẹ́ẹ̀ tí ó sì ní iná, kí ó rọ ẹranko tí yóò dàbí ejò àti dírágónì, tí yóò lè rá gòkè kọjá.

Mo ka ojú ìwé yẹn ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Dírágónì tí ó sun Gondolin, inú orí ọmọ Gondolin ni wọ́n ti kọ́kọ́ rọ ọ́. Ọ̀tá ní irin, ọ̀tá ní iná, ṣùgbọ́n kò ní èrò náà. Alágbẹ̀dẹ ọmọ ìlú ni ó gbé e wá fún un. Bẹ́ẹ̀ ni Meglin kì í sì í ṣe àlejò tàbí ẹrú. Ẹ̀jẹ̀ ọba ni. Ìlú náà sì ti fún un ní àyè, nítorí ṣáájú èyí wọ́n ti rán Tuor sí ọba pẹ̀lú ìkìlọ̀, ọba sì kọ̀, nítorí pé ó fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ jù. Inú ìlú tí kò fẹ́ gbọ́ nǹkan mọ́ ni irú Meglin ti ń dàgbà.

Nínú ìwé 1977, ìmọ̀ràn yìí ti pòórá. Àwọn dírágónì tí ó wá bá ìlú nínú èyí jẹ́ ọmọ Glaurung, Glaurung sì jẹ́ ẹ̀dá ọwọ́ Morgoth, ẹni tí à ń pè ní Melko tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ já mi ní irọ́ lè dúró níbẹ̀, kí ó ní: ṣé o rí i, ìta ni dírágónì ti wá. Mo gbà pé ó ní ẹ̀rí. Ó dà bí ẹni pé bí Tolkien ti ń dàgbà, ó fẹ́ kí aburú ní ìdílé àti ìtàn ìran tirẹ̀, kí Morgoth lè jẹ́ baba gbogbo rẹ̀. Ìtàn náà wá tò dáradára. Ṣùgbọ́n mo rò pé ó pàdánù nǹkan. Dírágónì tí ọ̀tá bí jẹ́ ọ̀tá. Dírágónì tí ọmọ ilé dámọ̀ràn rẹ̀ jẹ́ ìbéèrè tí ó bá gbogbo ilé wí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ojú ogun dé, tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti kú, mọ ohun kan tí ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó di arúgbó tún ṣe kúrò nínú ìwé.

Ẹni tí ó gba ìbéèrè náà padà ni Ursula K. Le Guin, ará Amẹ́ríkà, tí ó kú ní 2018. Nínú A Wizard of Earthsea, tí ó kọ ní 1968, dírágónì kan wà ní erékùṣù Pendor, tí ó sùn sí ààfin tí ó ti wó. Kíá ni Le Guin sọ irú àwọn tí ó ni ààfin náà: ọlọ́ṣà orí òkun, tí wọ́n ń kó ènìyàn lẹ́rú, tí gbogbo erékùṣù àyíká wọn kórìíra wọn. Wúrà tí wọ́n jí kó jọ ni dírágónì wá bá. Bí ìtàn náà bá mọ síbẹ̀, à bá pè é ní ẹ̀san, kì bá sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti Esgaroth. Ó tilẹ̀ ti kọ ìtàn kékeré kan ṣáájú rẹ̀, ní 1964, níbi tí dírágónì kan náà yìí ti sá wá sí abúlé, tí ó di oṣó kúkúrú tí ó sanra, tí ó ń ṣe oògùn fún àwọn ará abúlé, tí kò sí ẹni tí ó fura. Ẹ̀rín pa mí ní ìgbà tí mo kà á. Lẹ́yìn náà ni mo wá rò ó pé kò yẹ kí ẹ̀rín pa mí.

Nínú The Farthest Shore, ní 1972, ó ya Hort Town fún wa. Kò sí òkùnkùn níbẹ̀, oòrùn ń ràn, ọjà kún, àwọ̀ aṣọ pọ̀ ní oríṣiríṣi. Ìgbà tí a bá rìn díẹ̀ ni a ó rí i pé ìlú náà kò ní àárín. Àwọn ajẹ-hazia, oògùn olóró wọn, dùbúlẹ̀ kiri. Àwọn tí ń kó ẹrú ń ṣiṣẹ́ wọn. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ oṣó tẹ́lẹ̀ ti gbàgbé rẹ̀, ó sì ń ṣe bí ẹni pé kò sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Oṣó kan tí ń jẹ́ Cob ni ó ṣèlérí fún ènìyàn pé wọn kò ní í kú mọ́, wọ́n sì ti fi ohun gbogbo tí ó mú kí wíwà láàyè dùn ṣe pàṣípààrọ̀. Ní ìgbà kan náà, ní ìwọ̀ oòrùn, àwọn dírágónì ń pàdánù èdè, wọ́n ń ya wèrè, wọ́n ń jẹ ara wọn. Àìsàn kan náà ni ó mú ìlú àti dírágónì. Tolkien kò lè kọ èyí, nítorí pé dírágónì tirẹ̀ kò lè ṣàìsàn tiwa. Ńṣe ni ó máa ń kó o ràn wá.

Níkẹyìn ìwé náà ni a wọ ìlú àwọn òkú. Èyí ni mo gbà pé ó ṣòro láti kà jù nínú gbogbo iṣẹ́ Le Guin. Ilé wà níbẹ̀, ọjà wà, òpópónà wà. Amọ̀kòkò wà, kòkò kò sí. Ìràwọ̀ wà tí kì í yí. Kò sí ìyà, kò sí ẹkún. Àwọn tí wọ́n kú nítorí ìfẹ́ ara wọn ń kọjá ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn ní ìgboro, ẹnìkan kò kí ẹnìkejì. Àwa tí a gbà pé ẹni tí ó kú ń lọ bá àwọn ará ilé rẹ̀, tí a máa ń rán an ní iṣẹ́ sí wọn, a kò lè ka ojú ìwé yẹn kí ara wa balẹ̀.

Fún nǹkan bí 29 ọdún, àwọn òǹkàwé rò pé bí ikú ti rí ní ayé náà ni. Ní 2001 ni Le Guin sọ òtítọ́ rẹ̀ nínú The Other Wind. Ìran kan ṣoṣo ni ènìyàn àti dírágónì ní àtètèkọ́ṣe. Wọ́n pín: èyí mú òmìnira àti afẹ́fẹ́, èyí mú ohun ìní àti iṣẹ́ ọwọ́. Olúkúlùkù gbà láti fi ti ẹnìkejì sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn oṣó ìgbà láéláé kò fẹ́ kú. Wọ́n jí apá kan gbà nínú ilẹ̀ ìwọ̀ oòrùn tí ó jẹ́ ti dírágónì, wọ́n mọ ògiri òkúta yí i ká, kí ẹ̀mí wọn lè máa gbé níbẹ̀ títí láé. Afẹ́fẹ́ kọ̀ láti fẹ́ níbẹ̀ mọ́. Ohun tí wọ́n jí ni ó di ìlú òkú náà.

Ìgbà tí mo dé ibí yìí ni mo rí i pé ìbéèrè tí mo gbé kúrò ní ìpàdé ti yí padà lọ́wọ́ mi. Mo ń wá ihò tí dírágónì gbà wọ ìlú wa. Le Guin ní àwa ni a wọ ìlú dírágónì. Ògiri tí ó wà níbẹ̀, àwa ni a mọ ọ́n.

Mo ní ẹ̀sùn sí ìwé náà, kí n má ṣe fi pamọ́. Ìpàdé ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọba jókòó, àwọn oṣó jókòó, obìnrin dírágónì jókòó, wọ́n sì ń ṣàlàyé fún ara wọn títí ohun gbogbo fi yé wa ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹ̀rù àwọn dírágónì náà kò bà mí mọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, kò sì jọra. Smaug kò ṣàlàyé ara rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ìdí nìyẹn tí mo ṣì ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Bí ẹnìkan bá sì bi mí pé èwo nínú àwọn ìwé Le Guin ni ó sọ ọ̀rọ̀ yìí dára jù, n kò ní í mú The Other Wind, Tehanu ti 1990 ni n ó mú. Nínú rẹ̀, àwọn ọkùnrin kan lu ọmọdébìnrin kan, wọ́n sì tì í sínú iná. Apá kan ojú rẹ̀ jóná, ọwọ́ rẹ̀ kan rọ. Opó kan gbà á tọ́. Àwọn ará abúlé ń wò ó bí ohun ìbẹ̀rù, wọ́n ń yà fún un ní ọ̀nà. Ní òpin ìwé ni ọmọ náà pe dírágónì tí ó dàgbà jù ní orúkọ, tí dírágónì náà sì wá, nítorí pé ọmọ rẹ̀ ni. Kò sí ìpàdé, kò sí àlàyé gígùn. Ẹni tí iná mú tẹ́lẹ̀ nínú ìtàn náà ni dírágónì, ènìyàn sì ni ó dá iná náà.

Mo yá ọ̀rẹ́ mi ní ìwé 1984 náà, mo fi ewé sí ojú ìwé tí Meglin dúró níwájú Melko. Ó dá a padà ní ọjọ́ kẹrin. Ó ní òun kò rẹ́rìn-ín mọ́, ṣùgbọ́n òun kò tíì gbà: Meglin kò rọ irin kankan, ọ̀rọ̀ lásán ni ó sọ, ẹni tí ó sì sọ̀rọ̀ nínú ìdè, tí idà wà ní ọrùn rẹ̀, ta ni yóò pè é ní baba dírágónì? N kò ì tíì rí èsì tí ó tẹ́ mi lọ́rùn fún un. A ó tún gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí ìpàdé tí ń bọ̀. Kí ẹni tí yóò bá wá kọ́kọ́ ka ojú ìwé yẹn, kí ó má sì gbẹ́kẹ̀ lé ti 1977 nìkan.